Bí ẹ ṣe lè ra oúnjẹ oko tó sún mọ́ yín: ọjọ́ ọjà, kọ́ńgò àti àyẹ̀wò

Gààrí tí wọ́n yan ní abúlé tí kò ju kìlómítà 25 lọ sí Ìbàdàn lè gba ọwọ́ ènìyàn mẹ́rin kọjá kí ó tó dé inú abọ́ yín. Ẹni tó yan án tà á fún alájàpá, alájàpá kó o wá fún alágbàtà ní Bódìjà, alágbàtà tà á fún alárọ̀ọ́bọ̀, alárọ̀ọ́bọ̀ ló wá ń wọ̀n ọ́n ní kọ́ńgò kọ̀ọ̀kan fún yín ládùúgbò. Olúkúlùkù ló ń fi èrè tirẹ̀ lé e, ó sì tọ́ sí wọn, nítorí wọ́n jẹ ìyà ọkọ̀ àti oòrùn kó tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fo ọwọ́ méjì péré nínú mẹ́rin yìí yóò rí ojúlówó, owó rẹ̀ yóò sì dín. Ọ̀pọ̀ ló rò pé àfi kí àwọn mọ àgbẹ̀ kan kí wọ́n tó lè ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ọjà ni kí ẹ mọ̀.

Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ la fi ṣe àpẹẹrẹ jù níbí, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta, Òṣogbo tàbí Àkúrẹ́ lè tẹ̀lé ọ̀nà kan náà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ilẹ̀ ibí ń mú jáde

Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ ni wọ́n gbìn nítòsí. Láti Sókótó àti Kẹ́bbí ni àlùbọ́sà ti ń wá, pòtétò òyìnbó ń ti Jọ́ọ̀sì wá, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀wà tí a ń jẹ náà, Òkè Ọya ni. Ẹ má fi ọjọ́ ọjà abúlé ṣòfò nítorí ìwọ̀nyí. Ọjà ńlá ìlú ni kí ẹ ti rà wọ́n, níbi tí ọkọ̀ àjàgbé ti ń já wọn sílẹ̀.

Ohun tó jẹ́ tiwa ni ẹ̀gẹ́ àti gbogbo ohun tí a ń fi í ṣe, iṣu, àgbàdo, kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, epo pupa, ègúsí, ilá, ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi, ọsàn, ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ìrẹsì ọ̀fadà, ìgbín, ẹja àrọ̀ àti ẹyin. Lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, Fìdítì ni ẹ ó ti rí èso; lẹ́bàá odò Àsẹ́jìrẹ́, ẹja ni wọ́n ń tà létí títì.

Tòmátì wà láàárín méjèèjì. Èyí tó ń ti Òkè Ọya wá nínú apẹ̀rẹ̀ gùn díẹ̀, awọ rẹ̀ sì le. Ti ìbílẹ̀ rí ribiti, ó ní ìlà lára bí elégédé kékeré, omi inú rẹ̀ pọ̀, ó sì kan. Àsìkò òjò ló máa ń jáde, láti nǹkan bí oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, ìgbà tí ti Òkè Ọya ti ń wọ́n gan-an nìyẹn. Nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná lọ́dún 2016, owó apẹ̀rẹ̀ kan fò sókè ju agbára ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ẹni tó mọ ibi tí tòmátì ìbílẹ̀ wà kò dúró de ọkọ̀. Bí ẹ bá rà á, ọjọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì ni kí ẹ lọ̀ ọ́, nítorí awọ rẹ̀ tètè ń là. Ẹ sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ kí ẹ tó da epo sí i, ìkan rẹ̀ yóò sì rọlẹ̀.

Àsìkò ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Epo pupa máa ń pọ̀ láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ìgbà yẹn ni kí ẹ ra ti ọdún. Tó bá di oṣù kẹwàá sókè, owó rẹ̀ ti gun òkè. Àgbàdo tútù ń bẹ lóde ní oṣù kẹfà àti oṣù keje. Iṣu tuntun ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú ní oṣù keje, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kó iṣu pamọ́ kò gbọdọ̀ yára: láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni iṣu tó gbó dáadáa ń pọ̀. Máńgòrò, oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún. Àgbálùmọ̀, oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin. Ní ti ẹ̀gẹ́, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni ilẹ̀ máa ń le, tí wíwú rẹ̀ ń di iṣẹ́ ńlá, gààrí sì máa ń tìtorí bẹ́ẹ̀ wọ́n. Ẹ rà á sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó le.

Kíka ọjọ́ ọjà

Bí ará ìlú ńlá bá dé abúlé, ohun tí yóò béèrè ni pé, “Ọjọ́ wo lọ́sẹ̀ ni ọjà yín?” Ìdáhùn tó bá rí gbà yóò ṣì í lọ́nà, nítorí ọ̀pọ̀ ọjà ìbílẹ̀ kì í tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Ẹ béèrè báyìí: “Ọrún ni àbí ìsán? Ọjọ́ wo ló ná kẹ́yìn?”

Ọjọ́ karùn-ún ni ọrún, ọjọ́ kẹsàn-án ni ìsán, ọjọ́ tí ọjà ná gan-an ni a sì ń kà gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan. Bí ọjà ọrún bá ná ní ọjọ́ Ajé, ẹ kà á: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì ni yóò tún ná. Láti Ẹtì, yóò bọ́ sí Ìṣẹ́gun, láti Ìṣẹ́gun yóò bọ́ sí Àbámẹ́ta. Ìyẹn ni pé lórí kàlẹ́ńdà, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni kí ẹ máa fi kún un. Ọjà ìsán rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ni, nítorí náà ọjọ́ rẹ̀ ń sún síwájú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ná ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, kí ó tó di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù tí ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ṣí sílẹ̀ fún lè jókòó ti kàlẹ́ńdà lẹ́ẹ̀kan, kí ó fi bírò yí gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ọjà yóò bọ́ sí láàárín oṣù mẹ́ta ká. Ọjà ọrún yóò bọ́ sí Àbámẹ́ta lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Ti ìsán, lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn ọjà kan wà tó ti di ọlọ́jọ́ méje, wọn yóò sọ fún yín.

Gáréèjì ni kí ẹ ti lọ béèrè. Ẹ lọ sí ibi tí ọkọ̀ ti ń kún lọ sí Ọmí-Àdìó, Ìjàyè, Àkànrán tàbí Lálúpọn, kí ẹ bi àwọn awakọ̀. Wọn kì í ṣì í, torí ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ owó wọn. Ẹ tún bi àwọn ìyá tó ń kó apẹ̀rẹ̀ òfìfo wọ ọkọ̀ pé kí ni àwọn ń lọ rà. Bí márùn-ún nínú wọn bá ń lọ ra ohun kan náà, ibẹ̀ ni ibùdó rẹ̀.

Ohun tó lè ba ìrìn jẹ́: ọjọ́ orò (ní àwọn ìlú kan obìnrin kì í jáde lọ́jọ́ náà), ọjọ́ ìdìbò, òkú ńlá nílùú, àti òjò tó bá rọ̀ mọ́jú tí ọ̀nà oko sì bàjẹ́. Ẹ pe ẹnì kan níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kí ẹ sì ti wọkọ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, nítorí àwọn alájàpá kì í dúró de ọjà: ẹnu ọ̀nà oko ni wọ́n ti ń pàdé ẹrù. Nígbà tí aago bá fi di mẹ́wàá, iṣu tó dára jù ti wà nínú ọkọ̀ wọn.

Ẹ ṣírò kí ẹ tó gbéra

Owó ọkọ̀ lè jẹ gbogbo èrè. Ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ lásán: kọ́ńgò gààrí jẹ́ ₦1,000 ládùúgbò yín, ₦800 ní abúlé. Àǹfààní orí kọ́ńgò kan jẹ́ ₦200. Bí owó ọkọ̀ yín ní àlọ àti àbọ̀, owó ẹrù àti ti alábàárù bá jẹ́ ₦6,000, àfi kí ẹ ra kọ́ńgò 30 kí owó tó pé dọ́gba, ẹ kò sì tíì jèrè kọ́bọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún dá owó jọ, kí ènìyàn méjì lọ. Kí wọ́n kọ ohun tí olúkúlùkù fẹ́ àti iye tó san sílẹ̀, kí wọ́n sì pín in níwájú gbogbo wọn pẹ̀lú òṣùwọ̀n kan ṣoṣo. Nídìí pípín yìí ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ jù, pàápàá epo, nítorí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì kì í dà bí òkè rẹ̀. Ẹ mì ín pọ̀ dáadáa kí ẹ tó dà á.

Kọ́ńgò

Kọ́ńgò ìrẹsì tó kún máa ń tó kìlógíráàmù kan àbọ̀. Gààrí fúyẹ́ ju ìrẹsì lọ, nítorí náà kọ́ńgò gààrí kò lè tó bẹ́ẹ̀ lórí ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n kọ́ńgò kan kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ èkejì. Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n wọn ohunkóhun, ẹ gbà á lọ́wọ́ ọlọ́jà, kí ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ìdí náà bá rì wọnú bí ìdí abọ́ tí wọ́n fi òòlù lù, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti dín. Ẹ tọwọ́ bọ inú rẹ̀ pẹ̀lú: àwọn mìíràn a máa fi páálí tàbí ọ̀rá há ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo etí rẹ̀ bóyá wọ́n ti gé e.

Ohun tó dára jù ni kí ẹ ní kọ́ńgò tiyín àti òṣùwọ̀n kékeré tó ń fi ìkọ́ gbé nǹkan sókè. Ẹ sọ fún ọlọ́jà wọ̀ọ̀wọ̀ pé, “Ẹ bá mi fi èyí wọ̀n ọ́n, ìyá,” kí ẹ tó dá owó lé e. Bí ẹ bá yọ ọ́ jáde lẹ́yìn tí ẹ ti nájà tán, bí ìgbà tí ẹ pè wọ́n lólè ni yóò rí. Ẹ béèrè bóyá ó ní orí tàbí wọn yóò gé e, nítorí kọ́ńgò tó ní orí àti èyí tí wọ́n fi ọwọ́ gé kì í ṣe iye kan náà. Lẹ́yìn tí owó bá ti dúró ni kí ẹ tó béèrè èènì.

Bí iṣu ni ẹ ń rà lọ́pọ̀, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń kà sí “ọgọ́rùn-ún” níbẹ̀, kí ẹ sì kà á fúnra yín. Iye tí ọjà kan ń pè ní ọgọ́rùn-ún lè yàtọ̀ sí ti ọjà kejì.

Bí ẹ ṣe máa yẹ ọjà wò

Epo pupa ló gba ìṣọ́ra jù. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, ti kìlọ̀ léraléra nípa àwọn tó ń fi aró Sudan, aró ilé iṣẹ́ tí kò yẹ kó kan ẹnu ènìyàn, pọ́n epo kí ó lè pupa. Ẹ dojú kẹ́ẹ̀gì tó ti dé dáadáa kọ ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: bí omi tàbí ẹrẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ẹ ó rí i tó ń rìn sílẹ̀ lára rọ́bà. Lẹ́yìn náà, ẹ bu ṣíbí kan, kí ẹ gbé e sókè iná. Epo tó ní omi yóò máa ta pàpàpà, yóò sì máa fò jáde. Èyí tó mọ́ yóò kàn yọ́, yóò sì rú èéfín díẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ pa àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bí pupa kan bá ṣì kù nínú ìlà ọwọ́ yín lẹ́yìn ọṣẹ, ẹ dá a padà. Epo gidi tó bá sùn sí ibi tútù máa ń dì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì ní àwọ̀ ìyeyè tó rí hóró-hóró. Kò sí èyí tó dájú bí ilé àyẹ̀wò nínú gbogbo ìwọ̀nyí, nítorí náà, ibi tí wọ́n ti ń fún epo gan-an ni a gbà yín níyànjú pé kí ẹ ti rà á, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì olílítà 25 tiyín. Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì náà fúnra rẹ̀: èyí tí ara rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú kò gba lítà 25 mọ́.

Gààrí: ẹ bù ú síkùn ọwọ́, ẹ fún un, ẹ ṣí ọwọ́. Bó bá tú ká, ó gbẹ. Bó bá dì mọ́ra, omi ṣì wà nínú rẹ̀, yóò bu láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ da omi tútù sí díẹ̀ nínú ife: ó yẹ kí ó wú, kí ìsàlẹ̀ ife má sì ní yanrìn. Yanrìn máa ń pọ̀ nínú èyí tí wọ́n sá sétí títì. Ẹni tó fẹ́ ti Ìjẹ̀bú, tó kúná tó sì kan, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n fi jẹ́ kí ó kan ló ń fún un ní adùn yẹn. Èyí tí wọ́n fi ọjọ́ kan péré ṣe kò lè kan tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo gààrí aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi epo sí, nítorí irúfẹ́ ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ pọ́n ti wà lóko láti ọdún 2011.

Èlùbọ́ iṣu: ẹ má ra èyí tí wọ́n ti lọ̀ bí ẹ bá lè ṣe é. Láfún máa ń wọnú rẹ̀, ojú kò sì lè mọ̀ ọ́n. Inú ọbẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ pé àmàlà náà ń fà. Ẹ ra gbodo, iṣu gbígbẹ tí wọn kò tíì lọ̀, kí ẹ lọ̀ ọ́ fúnra yín nídìí ẹ̀rọ. Ṣakí, Ìgbòho àti Kìṣí ní Òkè-Ògùn ni ibùdó rẹ̀, inú ọyẹ́ ni wọ́n sì ń sá a. Ẹ ṣẹ́ ẹyọ kan: ó gbọ́dọ̀ dún kán-ún. Bó bá ń tẹ̀ kí ó tó kán, kò gbẹ. Bí ihò wẹ́wẹ́ bá wà lára rẹ̀, tí ìyẹ̀fun sì ń dà sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbọ̀n ọ́n, kòkòrò ti jẹ ẹ́. Òórùn ohun tó bu pẹ̀lú àwọ̀ ewé tàbí dúdú inú rẹ̀ túmọ̀ sí pé òjò pa á, owó pọ́ọ́kú kọ́ ni yóò sọ ọ́ di oúnjẹ.

Iṣu: orí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tẹ̀, ibẹ̀ ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ojú ọgbẹ́ ọkọ́. Èyí tó ti gbẹ kò burú, èyí tó tutù yóò ba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Iṣu tuntun dùn ún sun, kò dùn ún gún. Nílé, ẹ má jẹ́ kí ó wà nínú àpò. Ẹ tò ó sórí pákó níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kí ẹ sì máa ṣẹ́ ọmù tó bá yọ.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà: odidi ìdì tútù ni kí ẹ rà. Àwọn kan ń fi kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní kábáìdì mú un pọ́n, NAFDAC sì ti kìlọ̀ fún wọn. Bí gbogbo ara rẹ̀ bá pọ́n dọ́gba-dọ́gba nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù, tí inú rẹ̀ sì le, ẹ fura. Nílé, ẹ fi àpò bò ó pẹ̀lú ìbẹ́pẹ pípọ́n kan, yóò pọ́n fúnra rẹ̀.

Ọ̀fadà: hóró rẹ̀ kì í dọ́gba, ìlà pupa tàbí ràkọ̀ràkọ̀ máa ń wà lára rẹ̀. Bí gbogbo hóró bá gùn tí wọ́n sì funfun bákan náà, wọ́n ti lú u. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣa òkúta rẹ̀, owó rẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ̀gẹ́ tútù kò ní sùúrù: láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n wú u, ìlà dúdú yóò yọ nínú rẹ̀. Ẹ má rà á bí kò bá sí ẹni tí yóò rin ín lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀fọ́ kì í ṣe ọjà ọ̀nà jíjìn

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, gbúre, gbọ́rọ̀: àkùrọ̀ tó wà láàárín ìlú ni kí ẹ ti rà wọ́n, ní àárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìgbà tí wọ́n ń fà á. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Bí ó bá jẹ́ gọ́tà tó ń ṣàn gba ibi ìfọkọ̀, ilé ìgbẹ́ tàbí ilé iṣẹ́ kọjá, ẹ máa lọ, bó ti wù kí ewé náà tutù yọ̀yọ̀ tó. Kànga àti odò tó mọ́ ni kí ẹ wá. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n fín òògùn kòkòrò kẹ́yìn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò sọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó gé e, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lára ìgò òògùn. Ihò kékeré lára ewé kò burú. Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ wà lára rẹ̀ yóò pẹ́ ju èyí tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé lọ, bí ẹ bá ki ìdí rẹ̀ bọ omi díẹ̀.

Oko tí ẹ lè lọ tààrà

Ẹyin àti ẹja àrọ̀ ló rọrùn jù láti rà lóko. Ẹ béèrè ẹyin tí wọ́n kó lánàá: páálí kan jẹ́ 30, ẹ sì yẹ ìsàlẹ̀ páálí wò bóyá ó fọ́. Nílé, ẹ fi ẹyọ kan sínú omi. Èyí tó bá dùbúlẹ̀ sílẹ̀ ṣì tutù, èyí tó bá léfòó ti pẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọn omi ara ẹja dànù kí wọ́n tó gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Àwọn yunifásítì tó ní oko ìkọ́ni, bíi FUNAAB ní Abẹ́òkúta, yunifásítì Ìbàdàn àti OAU ní Ilé-Ifẹ̀, máa ń ta ohun tí oko wọn bá mú jáde fún ará ìta. Ẹ lọ béèrè ọjọ́ àti wákàtí. Àwọn oko àgbékalẹ̀ tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́ dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1959 sí 1960, bíi ti Ìlóra àti Àkúfọ̀, ṣì jẹ́ ibi tí ẹ lè ti bá àgbẹ̀ pàdé. Ẹ mú owó dání, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sábà dára lóko. Kí ẹ sì sọ iye tí ẹ fẹ́ àti ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ ṣáájú. Àgbẹ̀ tó ti wú iṣu sílẹ̀ de oníbàárà tí kò wá kì í dáhùn ìpè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Bí ẹ bá gbé ẹ̀wà tàbí àgbàdo gbígbẹ délé, ẹ má fín òògùn ẹ̀fọn sí i nítorí kòkòrò. Májèlé tí ẹ ó jẹ ni. Ẹ sá a sí oòrùn, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ dé ẹnu, kí àyè afẹ́fẹ́ má ṣẹ́kù, kí ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ kò ní rí èémí mí. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ dé e sára rẹ̀, kí ẹ má sì ṣí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán.